"Cure": Ìtọ́jú Ni Ó Ṣáájú Ìwòsàn

 

Àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n ṣe àlàyé ohun kan tí mo kọ́ nínú ọgbà yìí, tí ó sì wúlò fún mi nínú iṣẹ́ Olúwa. Mo rò ó títí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo yàn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro, àwọn ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ ọ́n. "Cure" ni ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, olùkọ́ wa tí ó ń kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sí ojú pátákó, ó sì ní kí a sọ ìtumọ̀ wọn. Nígbà tí ó kan "cure", mo nawọ́ sókè kíákíá. Mo ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni láti wo aláìsàn sàn. Olùkọ́ wa ní mo gbà á. Lẹ́yìn náà ni ó mú agolo òfìfo kan jáde nínú àpò rẹ̀, agolo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti òkè òkun wá, ó sì ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Mo kà á pé "cured" ni ẹran náà. Olùkọ́ wa bi mí léèrè pé, "Àìsàn wo ni ó ń ṣe ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti pa, tí wọ́n fi wò ó sàn?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ sí yàrá ìkàwé, kí n wo ìwé atúmọ̀ èdè ńlá, kí n sì wá sọ ohun tí mo rí fún wọn ní ọjọ́ kejì.

Mo lọ, mo sì dà ohun tí mo rí kọ sínú ìwé mi. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá bá mi nígbà tí mo bá di àgbà, àti pé yóò bá mi pẹ̀lú omijé.

Ìtumọ̀ mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ kan

Ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tí mo sọ ní kíláàsì: kí àìsàn kúrò lára ènìyàn pátápátá. Èkejì ni oògùn tàbí ọ̀nà tí a fi mú àìsàn náà kúrò. Èyí ni àwọn ènìyàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń béèrè bóyá wọ́n ti rí "cure" fún àrùn kan.

Ẹ̀kẹta ni ti inú agolo olùkọ́ wa. Bí a bá fi iyọ̀ pa ẹran lára, tí a yan ẹja sí orí èéfín, tàbí tí a sá ewé tábà títí tí yóò fi gbẹ bí ó ti yẹ, "cure" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Láti bí ọdún 1660 síwájú ni wọ́n ti ń lò ó báyìí. Àwọn ẹnjiníà ilé náà ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ilé rí, ẹ mọ̀ pé bí birikìlà bá da kọnkéré tán, kì í fi í sílẹ̀ fún oòrùn. Omi ni yóò máa wọ́n sí i fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè le dáadáa, kí ó má sì là. "Cure" ni orúkọ omi wíwọ́n náà.

Ẹ̀kẹrin ni ti Ìjọ Ọlọ́run. Nínú òfin àti àṣà Ìjọ Áńgílíkà, ẹrù iṣẹ́ tí a gbé lé àlùfáà lọ́wọ́ lórí ọkàn àwọn ènìyàn àdúgbò kan ni a ń pè ní "cure of souls". Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ń fi àlùfáà tuntun jẹ oyè ìjọ, ó máa ń sọ fún un nípa àṣà pé ẹrù ọkàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Aláìsàn, ẹja yíyan, kọnkéré, ọkàn ènìyàn: kí ni ó so wọ́n pọ̀? Ó di dandan kí a lọ sí orísun ọ̀rọ̀ náà kí a tó lè dáhùn.

Orísun rẹ̀

Láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá. "Cura" ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pè é. Ẹ jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ó ti yà mí lẹ́nu: kò sí àìsàn nínú ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ "cura" rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwòsàn níbẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni ìtọ́jú, àníyàn, kí ènìyàn fi ọkàn sí nǹkan kí ó má bàa bàjẹ́. Ẹni tí ìjọba Róòmù bá fi ṣe alábòójútó ohun kan, "curator" ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 97 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, wọ́n fi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frontinus ṣe "curator" omi ìlú Róòmù. Kì í ṣe oníṣègùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé omi ń dé inú ìlú, pé ibi tí ó ń jò di títúnṣe, àti pé olè kò yà á gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Láti ara "cura" ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ ìṣe náà "curare", tí í ṣe láti tọ́jú. Nítorí pé aláìsàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n nílò ìtọ́jú jù lọ, àwọn oníṣègùn náà bẹ̀rẹ̀ sí lo ọ̀rọ̀ yìí fún iṣẹ́ wọn. Láti inú Látìnì ó wọ inú èdè Faransé. Nígbà tí àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé sì ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé tẹ̀lé wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1300, a ti rí "cure" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìtọ́jú àti ẹrù iṣẹ́ lórí ọkàn ènìyàn ni ó túmọ̀ sí nígbà náà. Ó di apá ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá kí ó tó wá túmọ̀ sí kí aláìsàn rí ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n fi parí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba Jákọ́bù ní ọdún 1611, ìtumọ̀ ti ìwòsàn ti rinlẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà, ìtumọ̀ tí mo fi pátápátá rò pé òun ni àkọ́kọ́, àbíkẹ́yìn ni. Ìtọ́jú ni ẹ̀gbọ́n, ìwòsàn ni àbúrò. A fi iyọ̀ tọ́jú ẹran kí ó má bàa rà, a fi omi tọ́jú kọnkéré kí ó má bàa là, a fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ìbẹ̀wò tọ́jú ọkàn kí ó má bàa ṣègbé. Ìtọ́jú ni ó so gbogbo wọn pọ̀.

Àwọn ìbátan ọ̀rọ̀ náà

Ẹbí "cura" pọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Secure" wá láti inú Látìnì tí ó túmọ̀ sí ẹni tí kò ní àníyàn, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Sure" náà, inú ilé kan náà ni ó ti jáde. "Accurate" ni ohun tí a fi ìṣọ́ra ṣe. "Curious" kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ń fi ara balẹ̀ ṣe nǹkan, kí ó tó di ẹni tí ń wádìí ọ̀rọ̀. "Manicure" tí àwọn ọmọbìnrin wa ń san owó fún kò ju ìtọ́jú ọwọ́ lọ.

"Sinecure" náà wà, tí ó jáde ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Oyè ìjọ tí ó ní owó oṣù ṣùgbọ́n tí kò ní ọkàn kankan láti tọ́jú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lónìí, iṣẹ́ tí a ń gba owó rẹ̀ láìṣe nǹkan kan ni ó túmọ̀ sí. Ẹ kò ní ṣàì mọ ẹnìkan tí ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Curate" ni ó kàn mí jù lọ. Ẹni tí a fi "cura" lé lọ́wọ́ ni. Nínú Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662, gbogbo àlùfáà tí ó ní ìjọ lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dúró fún. Lẹ́yìn náà ni ó wá di orúkọ àlùfáà ọ̀dọ́ tí ń ran àlùfáà àgbà lọ́wọ́. Àwọn ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní Orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n gbọ́ Faransé, mọ̀ pé "curé" ni àwọn ìjọ Àgùdà ń pe àlùfáà tí ó ń ṣe àkóso ìjọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé "care" jẹ́ ọmọ "cura". Wọ́n jọra ní ojú, wọ́n sì jọra ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí. "Care" jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látètèkọ́ṣe, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ní àtijọ́ ni ìbànújẹ́ àti ẹkún. Ìbátan rẹ̀ ṣì wà nínú èdè Jámánì títí di òní: Ọjọ́ Jímọ̀ tí a kan Olúwa wa mọ́ àgbélébùú ni wọ́n ń pè ní "Karfreitag", èyíinì ni Ọjọ́ Jímọ̀ Ìdárò. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú aláìsàn fún ìgbà pípẹ́ yóò mọ ìdí tí ìtọ́jú àti ìdárò fi pàdé ní ojú ọ̀nà.

"Heal" náà ní ìtàn tirẹ̀. Ó wá láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí pípé, ohun tí kò là, tí kò fọ́. Láti ibẹ̀ ni "whole" àti "health" ti wá, àti "holy" tí í ṣe mímọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, "heal" ń sọ nípa òpin ìrìnàjò, pé ara ti dá. Ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀, àti ẹni tí ó bá wa rìn ín, ni "cure" ń sọ nípa rẹ̀ ní ìpìlẹ̀.

Gíríìkì àti Yorùbá

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Titun, mo tún bá ohun kan náà pàdé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn oníhìnrere lò fún ìwòsàn tí Jésù ṣe ni "therapeuo". Ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti sin ẹnìkan, láti ṣe ìránṣẹ́ fún un. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń bá àwọn ará Áténì sọ̀rọ̀, tí ó ní a kò fi ọwọ́ ènìyàn sin Ọlọ́run bí ẹni pé Ó ṣe aláìní nǹkan, ọ̀rọ̀ yìí ni Lúùkù lò nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 17:25. Orúkọ tí Hébérù 3:5 sì pe Mósè gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run, inú agbo ilé kan náà ni ó ti wá. Nítorí náà, àti ará Róòmù àti ará Gíríìsì, ìránṣẹ́ àti ìtọ́jú ni wọ́n kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó rí ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí mo fi lọ jìnnà bẹ́ẹ̀? Èdè wa ti sọ ọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "ìwòsàn". Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú rẹ̀: "wò" àti "sàn". Bí ìyá kan bá ń lọ sí ọjà, yóò sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé kí ó bá òun wo ọmọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti ìlú òkèèrè tẹ àbúrò rẹ̀ láago, yóò béèrè pé, "Ta ni ó ń wo Màmá?" Kì í ṣe ojú lásán ni a fi ń wò. Ọwọ́ wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, àìsùn wà níbẹ̀. "Sàn" ni ó gbẹ̀yìn. Àwọn baba wa fi "wò" ṣáájú nítorí wọ́n mọ̀ pé èyíinì ni ó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn. Wọ́n sì tún máa ń sọ pé àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú.

Ọkùnrin Faransé kan wà, Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ tí ó sin àwọn ọba ilẹ̀ Faransé, tí ó sì kú ní ọdún 1590. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ lójú ogun, àṣà àwọn oníṣègùn ni láti da òróró gbígbóná sí ojú ọgbẹ́ ìbọn. Ní ọjọ́ kan òróró tán. Paré po ẹyin, òróró òdòdó rósì àti tapẹ́ńtáìnì pọ̀, ó fi pa ọgbẹ́ àwọn tí ó kù. Kò rí oorun sùn ní òru ọjọ́ náà nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò ti kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ó ti lọ wò wọ́n, ó sì rí i pé àwọn tí kò da òróró gbígbóná sí lára ni ara tù jù lọ. Bí ẹni tí ó tọ́jú bá gbádùn, ohun tí ó máa ń sọ ni pé òun di ọgbẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run ni ó wò ó sàn. Ẹ ó rí i pé ó fi "wò" ṣe tirẹ̀, ó sì fi "sàn" sílẹ̀ fún Ẹni tí ó ni ín.

Ohun tí ó kọ́ mi

Mo fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo ní ọkàn mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, a fi mí ṣe "curate" ní ìjọ kan. Mo rò pé ìtumọ̀ orúkọ náà ni àlùfáà kékeré. Mo gbóná fún Olúwa, mo sì fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa jẹ́rìí lẹ́yìn àdúrà mi.

Bàbá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbàdúrà fún un ní alẹ́ Ọjọ́rú kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, Bàbá jáde síwájú, ó ní orí tí ó ń fọ́ òun ti dẹ̀rọ̀, òun sì ti da gbogbo oògùn òun sínú ṣáláńgá. Ìjọ hó ìhó ayọ̀. Ohùn tèmi ni ó ròkè jù. N kò pè é sẹ́yìn láti bi í bóyá ó ti padà sí ọ̀dọ̀ dókítà. N kò sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ lè ru kí orí má fọ́, kí ara má sì ro ènìyàn. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ba ẹ̀rí jẹ́.

Kò tó oṣù méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi gbé Bàbá dè. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu sì wọ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀bá ibùsùn rẹ̀, n kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Mo ti múra àdúrà gígùn kan sílẹ̀, mo sì ti ṣí Bíbélì. Ìyá kò bá mi wí. Ó ní, "Àlùfáà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé wọn yí padà ná, kí ẹ̀yìn wọn má bàa dá egbò."

Mo pa Bíbélì dé, mo ká apá aṣọ mi sókè, a sì jọ gbé Bàbá yí padà. Ọjọ́ náà ni mo di "curate". Ìwé tí bíṣọ́ọ̀bù fún mi ti wà ní ọwọ́ mi fún oṣù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń fún aláìsàn ní ẹ̀kọ mu tí kò fi ní fà á mọ́ ọ̀fun, bí a ṣe ń fọ ẹnu rẹ̀, bí a ṣe ń nà án lẹ́sẹ̀ kí oríkèé má bàa gan. Mo gbàdúrà púpọ̀ pẹ̀lú. Bàbá kò dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti là díẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ fún wọn." Mo mọ ohun tí ó ń wí. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ará Samáríà náà

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn ará Samáríà rere nínú Lúùkù orí kẹwàá pẹ̀lú ojú mìíràn. Nígbà tí Jerome túmọ̀ ìhìnrere yìí sí Látìnì ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹrin, "cura" ni ó lò ní ẹsẹ̀ 34, níbi tí ará Samáríà ti tọ́jú ọkùnrin náà. Òun ni ó tún lò ní ẹsẹ̀ 35, níbi tí ó ti sọ fún olórí ilé èrò pé kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Òróró wà níbẹ̀, ọtí wáìnì wà níbẹ̀, ẹranko tí ó gbé e wà níbẹ̀, owó idẹ méjì wà níbẹ̀, ìlérí pé òun yóò padà wá náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù kò sọ fún wa bóyá ọkùnrin náà sàn. Ìtàn parí, a kò mọ̀. Síbẹ̀ Olúwa ní kí a lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ohun tí Ó pa láṣẹ ni ohun tí agbára wa ká.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò sọ pé Ọlọ́run kì í wo aláìsàn sàn nípa àdúrà. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fo "wò" kọjá tí ó fẹ́ já lu "sàn", ipò Ọlọ́run ni ó ń fẹ́ jókòó sí, ó sì ń fi ipò tirẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.

Ìtọ́jú láìsí ìwòsàn kì í sì í ṣe asán. Ní Carville, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀ ní ọdún 1894. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn dé ibẹ̀ ní ọdún 1896 láti máa tọ́jú wọn. Kò sí oògùn tí ó lè wo ẹ̀tẹ̀ sàn ní gbogbo ayé nígbà náà. Wọ́n ń wẹ egbò, wọ́n ń sé oúnjẹ, wọ́n ń sin òkú. Ọdún márùn-dín-láàádọ́ta kọjá báyìí. Ní ọdún 1941, ní ibùdó kan náà, Dókítà Guy Faget bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn kan tí ń jẹ́ Promin fún wọn, ó sì ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ìwòsàn ẹ̀tẹ̀ ti là. Nígbà tí "sàn" dé nígbẹ̀yìn, ó bá "wò" ní ẹnu iṣẹ́.

Sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jáde ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Àwọn òbí mìíràn ní ọmọ tí ó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde nínú ọgbà yìí lónìí. Àwọn dókítà yóò sọ fún yín pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú àìsàn báwọ̀nyí, à ń tọ́jú wọn ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tì yín lójú bí ẹni pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Ẹni tí ó ń lo oògùn rẹ̀ lóòrèkóòrè, tí ó sì ń gbàdúrà, kò ṣẹ̀ sí Ọlọ́run. Bí a bá sì gbàdúrà fún yín tí ara yín yá, ẹ yin Ọlọ́run, kí ẹ sì padà lọ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò kí ẹ tó fi oògùn sílẹ̀. Àwọn adẹ́tẹ̀ tí Jésù wẹ̀ mọ́ pàápàá, Ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà, ẹni tí òfin yàn láti yẹ̀ wọ́n wò.

Sí ẹ̀yin àlùfáà ẹgbẹ́ mi tí ẹ bá ka ìwé yìí: bí ẹnìkan bá jẹ́rìí ìwòsàn, ẹ bá a yọ̀, kí ẹ sì pè é sẹ́yìn. Ẹ béèrè nípa oògùn rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ara "cure" ni.

Àwa tí a gbé inú ilé ibùgbé ilé ẹ̀kọ́ yìí yóò sì rántí Mátírọ́ọ̀nù wa. Bí ibà bá mú wa, yóò fún wa ní kòlòrókúìnì tí ó korò bí ewúro, yóò sì jókòó tì wá pẹ̀lú omi tútù àti aṣọ ìnujú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ara lè yún wa ní gbogbo òru nítorí oògùn náà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò lórí wa. Kòlòrókúìnì ni ó pa ibà. Ṣùgbọ́n lónìí, nígbà tí a bá pàdé, ta ni ń sọ̀rọ̀ kòlòrókúìnì? Mátírọ́ọ̀nù ni gbogbo wa ń dárúkọ.

Àwọn olùkọ́ wa kan ṣì wà láyé tí wọn kò lè jáde nílé mọ́. Ẹgbẹ́ wa ti ń fi owó ránṣẹ́, ó sì dára. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ara wa lọ pẹ̀lú. Bí a kò bá lè mú wọn sàn, a lè wò wọ́n. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tí Pétérù kọ, orí karùn-ún, ẹsẹ̀ keje, ó ní kí a kó gbogbo àníyàn wa lé Ọlọ́run lórí nítorí Ó ń ṣe ìtọ́jú wa. "Cura" ni Bíbélì Látìnì lò níbẹ̀ fún ohun tí Ọlọ́run ń ṣe nípa wa. Ẹni tí a ń wò ni àwa pẹ̀lú.

Kí Olúwa wò wá, kí Ó sì mú wa sàn. Kí ó sì jẹ́ kí a lè wo ara wa títí di ìgbà náà. Àmín.